Okùn Tí A Fi Wọn Erin Nínú Àgbàlá Wa

Láti ọdún 2012 ni a ti ń ṣe àyájọ́ erin lágbàáyé ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ. Bí ọjọ́ náà bá ti pé, èmi àti àwọn ọmọdé àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde máa ń kó jọ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé. A kì í dá owó, a kì í sì í dá aṣọ. Eérú, ẹfun, okùn àti ẹnu wa ni a fi ń ṣe é. Lọ́dún tó kọjá, mo fi eérú ya ojú ẹsẹ̀ iwájú erin sílẹ̀, ó rí róbótó bí ọmọrí ìkòkò ńlá. Mo ní kí ọmọkùnrin kan fi okùn yí i po, okùn náà sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 120. Àwọn tó ń tọpa erin mọ̀ pé bí a bá fi irú okùn bẹ́ẹ̀ wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, ibi tí ó bá dé ni èjìká erin náà máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. A fi okùn wa wọn ara ògiri lẹ́ẹ̀mejì láti ilẹ̀. Ọmọkùnrin náà gun àpótí kí ó tó lè fi ẹfun fa ilà síbẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan fẹ̀yìn ti ògiri lábẹ́ ilà yẹn, ó gbójú sókè, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Erin igbó ni mo ń fi hàn wọ́n, kì í ṣe erin ọ̀dàn tí a máa ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Erin igbó kéré sí ti ọ̀dàn, etí rẹ̀ ṣe róbótó, eyín rẹ̀ sì tọ́ gbọnrangandan, ó kọjú sí ilẹ̀. Irú èyí ni ó wà nínú igbó ọba tí à ń pè ní Ọmọ̀, ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí, igbó tí fífẹ̀ rẹ̀ lé ní 1,300 kìlómítà níbùú-lóròó. Ní ọdún 2018, kámẹ́rà tí a dè mọ́ igi ya àwòrán wọn níbẹ̀. Mo ti gba ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀rẹ̀ kọjá lẹ́bàá igbó yẹn láìmọye ìgbà, nígbà mìíràn mo máa ń sùn nínú ọkọ̀, láìmọ̀ pé erin ń bẹ láàyè nítòsí mi. Ọjọ́ tí mo gbọ́, inú mi dùn, ojú sì tì mí.

Ohun tó ká mi lára ni pé àwa Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ erin. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí à ń fi pa òwe lójoojúmọ́: ọjọ́ tí erin bá kú là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ, a kì í ru ẹran erin lórí ká máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Nínú òwe méjèèjì, erin ti kú, ó ti di ẹran. Inú ìjálá àwọn ọdẹ ni a ti ń bá a láàyè. Ìjálá ní òun ni ó ń mi igbó kìjikìji, pé ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó fi ń fa ọ̀pẹ tu, pé bí ó bá ṣe pé ó ní ọwọ́ méjì ni, ìbá fa ojú ọ̀run ya bí àkísà. Ẹ kíyè sí i pé ọwọ́ ni wọ́n pe ọwọ́jà rẹ̀, wọn kò pè é ní imú. Ẹni tó bá rí erin tí ó ń fi ọwọ́jà ṣa èso kan ṣoṣo nílẹ̀ yóò mọ̀ pé àwọn ọdẹ wọ̀nyẹn ti dúró wò ó dáadáa kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Nítorí náà, oríkì ni mo kọ́kọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ náà.

Lẹ́yìn oríkì ni ọbẹ̀. A máa ń se ọbẹ̀ àpọ̀n lọ́jọ́ náà, nítorí erin igbó fẹ́ràn èso òro, inú èso yẹn ni a sì ti ń rí àpọ̀n. Odindi ni ó ń gbé e mì, yóò sì rìn jìnnà kí ó tó yàgbẹ́, ibi tí ìgbẹ́ náà bá bọ́ sí ni òro tuntun ti lè hù. Àwọn igi kan wà nínú igbó tí èso wọn tóbi débi pé, yàtọ̀ sí erin, agbára káká ni ẹranko mìíràn fi lè gbé wọn mì. Bí àwọn ọmọ ti ń lá ọbẹ̀ lọ́wọ́ ni mo ń sọ èyí fún wọn, wọn kì í sì í gbàgbé.

Àlọ́ ìjàpá tó fi oyè tan erin wọ ìlú, tí wọ́n ń kọrin "a ó merin jọba" títí ó fi já sínú kòtò, ni ó ṣòro fún mi jù. Ọmọ kan bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni erin ṣe wọ́n?" N kò rí èsì fún un. Mo ṣì ń pa àlọ́ náà, ṣùgbọ́n mo máa ń dúró níbi ìbéèrè yẹn kí àwọn ọmọ fúnra wọn dáhùn.

Àwa àgbà náà ní tiwa láti ṣe. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba lọ eyín erin tó tó tọ́ọ̀nù 2.5, èyí tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò rẹ̀, di lẹ́búlẹ́bú ní Àbújá. Àwọn kan ní ó jẹ́ ìfiṣòfò; èmi gbà pé ó dára, nítorí eyín tó bá ṣì ní iye lọ́jà ni yóò mú kí wọ́n tún pa òmíràn. Erin tó kù ní Nàìjíríà kò tó 400 mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣírò wọn sí nǹkan bí 1,500 ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Iṣẹ́ eyín erin tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ àtijọ́ gbẹ́ rẹwà púpọ̀, inú mi sì máa ń dùn láti wo àwòrán wọn, ṣùgbọ́n n kò ní ra ẹ̀gbà eyín erin tuntun láéláé. Ti oko kòkó tó ń jẹ igbó Ọmọ̀ lọ ńkọ́? N kò bú àgbẹ̀ tó ń wá oúnjẹ ọmọ. Ó wù mí kí a wá ilẹ̀ mìíràn fún un, kí a sì gba ọmọ rẹ̀ síṣẹ́ ìṣọ́gbó, nítorí ó mọ ibẹ̀ ju àlejò lọ.

Òjò ti fọ ẹfun ara ògiri wa, ó ku ilà fẹ́ẹ́rẹ́. Okùn náà wà lórí ìṣó nínú yàrá mi. Ọmọbìnrin yẹn wá béèrè rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti ga sí i.