Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ n'Ìbàdàn yìí, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ní Gbági, ilé ìtẹ̀wé ní Dùgbẹ̀ tàbí ọ́fíìsì kékeré kan ní Challenge, ọ̀rọ̀ yín ló wà lọ́kàn mi. Ìdí owó ni mo ti ń jẹun láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ìwé. Mo ṣe kaṣíà, mo tọ́jú sítọ́ọ̀, èmi náà ni mo sì ń ṣètò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ báyìí. Ibi tí wọ́n bá ti ń ka owó lójú ara wọn, tí wọ́n sì ń kọ nǹkan sílẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ń fọkàn tán ara wọn pẹ́. Ibi tí gbogbo nǹkan bá ti jẹ́ "ẹbí ni wá níbí", ibẹ̀ ni mo ti rí ẹkún jù.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́ o, wọ́n fẹ́ràn ọmọ iṣẹ́ wọn. Àmọ́ "ẹbí ni wá" kò sọ iye tí ẹ óò gbà, kò sọ ọjọ́ tí owó ń wọlé, kò sì sọ aago tí ẹ óò ṣíwọ́. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ gbogbo èyí, ó pẹ́ tán, láàárín oṣù 3 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. (Àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àtàwọn akọ̀wé ni òfin yẹn ń dáàbò bò. Bó bá jẹ́ ipò alábòójútó lẹ fẹ́ gbà, ìwé tí wọ́n fún yín nìkan ni aṣọ tó bò yín, nítorí náà ẹ kà á dáadáa.) Ẹ kúnlẹ̀ bẹ́ẹ bá jẹ́ obìnrin, ẹ dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ bá jẹ́ ọkùnrin, kí ẹ sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi kọ àdéhùn wa sílẹ̀, kí n lè mọ ohun tí ẹ ń retí lọ́wọ́ mi." Ọ̀gá tó bá tìtorí èyí bínú ti fi ara rẹ̀ hàn yín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù lọ ni owó tí kò pé. Ní ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ìyàwó ọ̀gá á mú nínú owó ọjà, àbúrò ọ̀gá á mú, kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́. Tí oṣù bá parí, wọ́n á pín èyí tó dín sórí àwọn ọmọbìnrin tó ń tajà. Mo rí ọmọ tí kì í fọwọ́ kan nǹkan ẹlòmíràn tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ẹgbẹ̀rún kan, ẹgbẹ̀rún méjì sápá kan, nítorí ó mọ̀ pé wọ́n ṣì máa yọ ọ́ nínú owó òun. Ìrẹ́jẹ ló kọ́ ọmọ yẹn lólè. Bẹ́ẹ̀ òfin kò gba ọ̀gá láyè láti yọ owó bó ṣe wù ú. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé àìbìkítà òṣìṣẹ́ ló fa àdánù náà, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ aláṣẹ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sì yọ lóṣù kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ.

Lọ́dọ̀ wa báyìí, èmi àti kaṣíà ń ka owó ṣénjì láàárọ̀, àwa méjèèjì á fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá mú owó á kọ ọ́, títí kan ọ̀gá àgbà. Wọ́n ràn yín níṣẹ́ lọ gbé ọmọ nílé ìwé? Ẹ lè lọ, ọmọ àwọn àgbà náà ni yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ pé: "Ẹ má bínú sà, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ka owó yìí, kó gbà á lọ́wọ́ mi kí n tó lọ."

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Tiyín náà wà níbẹ̀. Bí owó oṣù bá pẹ́, ẹ má yá nínú owó ọjà pẹ̀lú èrò pé ẹ máa dá a padà kí wọ́n tó mọ̀. Ẹ lọ bá ọ̀gá, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ fún díẹ̀ nínú owó tí ẹ ti ṣiṣẹ́ fún. Ẹ má fọwọ́ síwèé fún ọ̀rẹ́ tó pẹ́ dé. Ẹ má sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ POS yín fún un, bẹ́ẹ bá tilẹ̀ jọ ń jẹ àwo kan. Owó àjọ kò sì gbọdọ̀ sùn nínú dúrọ́ọ̀ kan náà pẹ̀lú owó ilé iṣẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kúrò, ẹ má kàn pa fóònù. Òfin ní kí ẹni tó ti lò ju oṣù 3 lọ àmọ́ tí kò tíì pé ọdún 2 sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ 1 ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ 2 ni fún ẹni tó ti lo ọdún 2 sí 5. Láti ọdún 5 sókè, oṣù 1 ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá gbọ́dọ̀ ṣe fún yín tó bá fẹ́ dá yín dúró. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ ka ọjà tó kù lójú ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí i pé òun gba kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan dání lọ ilé.