Ẹni tó ń jẹun ní Walhain

Àìsàn tèmi ni kíkó máàpù ogun àtijọ́ jọ, àwọn tí wọ́n fín sára àwo bàbà kí wọ́n tó tẹ̀ wọ́n sórí ìwé. Bí mo bá fẹ́ rà á, ìka ni mo máa ń fi wá ojú ibi tí etí àwo náà ti tẹ ìwé wọnú, torí ayédèrú kì í sábà ní in. Ẹ rí i pé mo gbọ́n díẹ̀. Inú férémù ni èyí tí mo rà kẹ́yìn wà, lórí páálí dúdú. Férémù náà rẹwà, mi ò sì fẹ́ tú u. Bí ìka mi kò ṣe dé ibẹ̀ nìyẹn.

Ogun Waterloo ọdún 1815 ni, èyí tí wọ́n jà ní ilẹ̀ Belgium òní, tí wọ́n ti ṣẹ́gun Napoleon, olú ọba Faransé. Àwọn ìlú tí ogun náà gbà kọjá wà níbẹ̀, Charleroi, Ligny, Quatre Bras, Wavre, àwọn ọmọ ogun Napoleon sì tò bíi bíríkì wẹ́wẹ́ tí wọ́n kùn ní búlúù. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta ni mo rí ìlà dúdú tíńrín kan tó gbéra nítòsí Walhain, tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ lọ sápá Waterloo, tó wá dúró lójú ọ̀nà.

Orí mi wú. Walhain kẹ̀! Ibẹ̀ ni Grouchy, ọ̀gágun Napoleon, wà ní June 18 tó gbọ́ ìró àgbá láti Waterloo. Wọ́n ní èso sitirọ́bẹ́rì ló ń jẹ lọ́wọ́. Ó ní nǹkan bí 33,000 ọmọ ogun. Gérard, ọ̀gágun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ní kí wọ́n forí lé ibi tí ìró náà ti ń wá. Grouchy kọ̀, ó ní àwọn ọmọ ogun Prussia, ọ̀tá wọn láti ilẹ̀ Jámánì, ni Napoleon ní kí òun lé, ló bá gba Wavre lọ. Ó lé ní 200 ọdún tí wọ́n ti ń bú ọkùnrin yìí pé kò lọ ran Napoleon lọ́wọ́. Máàpù mi wá ń sọ pé ó kúkú gbéra!

Mo kọ ojú ìwé mọ́kànlá. Mo jí ìyàwó mi lóru kí n lè kà á fún un.

"Grouchy wo?" ló sọ, ló bá yí ojú sí ògiri.

Mo gbé férémù àti ìwé mi tọ bàbá kan lọ, ẹni tó ti ń kó máàpù jọ kí wọ́n tó bí mi. Bàbá gbọ́ gbogbo mọ́kànlẹ̀ẹ̀kànlá (ìyẹn ló ṣì ń dùn mí), kò já lu ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan. Ó wá tú férémù jẹ́jẹ́, ó na máàpù sókè sí iná. Ọ̀nà Grouchy tàn yòò. Iná gba inú ẹ̀ kọjá, ó bọ́ sójú bàbá.

"Ọmọ mi, kòkòrò ló jẹ ẹ́."

Mo ní ṣé ó dá wọn lójú. Wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi. Ihò náà wà níbẹ̀ kedere.

Wọ́n fi awò wo ìdí ìlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀rín ti ń gbọ̀n wọ́n léjìká. "Ìtàn rẹ bá a mu o. Ẹnì kan ń jẹun lóòótọ́ ní Walhain."