Ibi tí wọ́n gé

“Ibi tí wọ́n gé yẹn gan-an lèmi fẹ́ wò.”

Ọ̀rọ̀ yìí ò kúrò lọ́kàn mi látàárọ̀. Màmá Tamil kan, àwọn èèyàn gúúsù India àti Sri Lanka, ló sọ ọ́ ní ibùdókọ̀ ní East Ham, ní London níbí. Irun wọn ti funfun láú, wọ́n fi òdòdó sí i, wọ́n gbé báàgì ewébẹ̀ lé itan. Ọmọ wọn ọkùnrin ló ń sọ pé fíìmù Tamil tuntun kan ò ní pẹ́ dé orí Netflix, kí àwọn kúkú dúró wò ó nílé, ṣebí díẹ̀ ni wọ́n máa gé níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ náà ń sọ, òun náà ni màmá fi dá a lóhùn, wọn ò tiẹ̀ wojú rẹ̀.

Lónìí mo fọṣọ, mo lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Green Street, mo pe ilé. Ó tán.

Tó bá jẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ló sọ ọ́, mi ò ní kọbi ara sí i. Ọ̀rọ̀ wọn ni. October 2023 tí Leo, fíìmù Tamil kan, jáde, àwọn tó gbé e wá sí ìlú yìí kéde pé àwọn ò ní gé ohunkóhun nínú rẹ̀, pé tó bá yá ni àwọn á mú èyí tí ọmọdé lè wò jáde. Láti ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ yìí ti ń fi yangàn pé àwọn rí ohun tí ará Chennai ní India ò rí. Nílé lọ́hùn-ún, àjọ CBFC, tó ń yẹ fíìmù wò ní India, ti gé e kó tó dé sinimá. Ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí: ọ̀bẹ á gòkè, àwòrán á fò, ẹni tó wà lórí ìdúró á ti wà nílẹ̀. Ẹnu ń lọ, ohùn ò jáde. Bí ẹnìkan bá tanná ran sìgá, ìkìlọ̀ á yọ ní igun pé sìgá ń pani. Inú máa ń bí mi. Ó dà bí ẹni tó ń pàlọ́ fún ọ, tó wá dákẹ́ nígbà tọ́wọ́ fẹ́ tẹ Ìjàpá.

Ṣùgbọ́n màmá àgbà? Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ṣe?

Bóyá kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ rántí fíìmù Sarkar lọ́dún 2018. CBFC ti fọwọ́ sí i, ó ti ń lọ ní sinimá, kí ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba Tamil Nadu, ìpínlẹ̀ tí Chennai wà, nígbà náà tó fárígá. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń bínú sí o. Ẹ̀rọ ìlọta ni! Àwọn èèyàn ń ju ẹ̀rọ ìlọta tí ìjọba fi ta wọ́n lọ́rẹ sínú iná, A. R. Murugadoss tó darí fíìmù náà wà lára wọn. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì pa ohùn níbi tí wọ́n ti dárúkọ obìnrin kan. Ọmọdé wo ni ẹ̀rọ ìlọta fẹ́ bà jẹ́? Màmá tọ̀nà. Ibi tí wọ́n gé gan-an ni kéèyàn wò.

Mo tún ní kí n má yára. Owó wà nínú ẹ̀. Láti 2011 títí GST, owó orí tuntun ti gbogbo India, fi dé ní 2017, fíìmù tí kò bá gba U, tí tọmọdé tàgbà lè wò, kì í rí ìdáríjì owó orí gbà ní Tamil Nadu. Èyí tó bá sì gba A, ti àgbàlagbà nìkan, ò lè dórí tẹlifíṣọ̀n bó ṣe wà. Ẹni tó fowó ṣe fíìmù fúnra rẹ̀ á wá ní kí wọ́n bá òun gé e. Ní 2025, fíìmù Coolie gba A, Sun Pictures tó ṣe é gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Madras kí wọ́n lè gba UA, tí ọmọdé lè bá òbí wò, ilé ẹjọ́ ò dá wọn láre. Fíìmù Rajinikanth! Òṣèré tí bàbá àti ọmọ jọ máa ń lọ wò. Ìyẹn náà dùn mí, bẹ́ẹ̀ èmi náà ló ní kí wọ́n má gé nǹkan kan.

Ẹ mọ̀ pé mi ò lè wo ẹ̀jẹ̀. Ojú ni mo máa ń bò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo fi ń bò ó, ìgbà tó bá wù mí ni mo ń ṣí i.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an rèé, mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ Tamil tó wà ní àdúgbò yìí, Sri Lanka ni wọ́n ti wá, ogun ló lé wọn, ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1983 tí kò parí àfi ní 2009. Bí màmá bá wà lára wọn... Ẹni tójú rẹ̀ ti rí irú ẹ̀, kí ló tún ń wá nínú fíìmù? Àbí torí pé nínú fíìmù, ẹni tó ṣìkà máa ń gba ẹ̀san lójú gbogbo ayé, tí wọ́n bá wá gé ibẹ̀ kúrò, a ò rí ẹ̀san náà mọ́, a kàn gbọ́ pé... Mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ Chennai ni wọ́n ti wá. Ó sì lè jẹ́ pé ìjà ni wọ́n kàn fẹ́ràn, kí ló burú níbẹ̀?

Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ará Madurai ní Tamil Nadu. Wọ́n ní kí n bá àwọn lọ lọ́jọ́ Friday, èyí tí wọn ò gé ni, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 15 ò gbọdọ̀ wọlé. Mo ní mò ń bọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́, ó ti fajú ro, ó ní December tó ń bọ̀ yìí lòun máa pé 15, kí ló dé tí wọn ò lè wo ti oṣù mélòó kan mọ́ òun lára. Mi ò tíì mọ èsì tí màá fún un.