Má ṣe rọ omi sí ọmọ ẹyẹ lẹ́nu

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí ọmọ ẹyẹ tí kò tíì kúrò nínú ìtẹ́, ọ̀kan ni mi ò lè dákẹ́ lé lórí: bí ẹ bá rí i nílẹ̀, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu. Ihò tó fi ń mí wà ní ìdí ahọ́n rẹ̀ gan-an. Bó bá yanu, ẹ ó rí i tó ń ṣí, tó ń pa dé. Ẹ̀kán omi díẹ̀ láti inú síríńjì lè gba ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Èémí rẹ̀ á máa dún, á na ọrùn, á máa yanu mí, ó sì lè gbabẹ̀ kú. Àwọn kan á ní ṣé kí òǹgbẹ wá pa á ni? Rárá. Inú oúnjẹ tí òbí rẹ̀ ń gbé wá ló ti ń rí omi.

Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó gbé e. Èyí tí ìyẹ́ ti bò, tó ń tọ kiri, tó lè fẹsẹ̀ di ẹ̀ka mú, ti kúrò nítẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ lé ológìnní, kí ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó wà níhòòhò, tàbí tí ìyẹ́ rẹ̀ ṣì rí bí abẹ́rẹ́, ẹ dá a padà. Òórùn ọwọ́ yín kò ní kí òbí rẹ̀ kọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ ká gbàgbé àròsọ yẹn.

Bí ara rẹ̀ bá tutù, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó títí á fi móoru. Inú ọmọ ẹyẹ tó tutù kì í lọ oúnjẹ.

Bí ìtẹ́ bá ti túká, ẹ lu ihò 4 tàbí 5 sí ìdí abọ́ ike kékeré, kí òjò lè máa ṣàn jáde. Ẹ fi koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ. Bí ìdí rẹ̀ bá ń yọ̀, ẹsẹ̀ ọmọ náà á yà. Ẹ so ó sí ibòji, nítòsí ibi tí ìtẹ́ wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ wá jìnnà dáadáa. Ẹ ṣọ́ ọ fún wákàtí 1 sí 2. Òbí kì í sọ̀ bó bá ń rí ènìyàn.

Bí wọn ò bá yọjú, dókítà ẹranko ló kàn. Ẹ má fún un ní mílíìkì. Inú ẹyẹ kì í lọ ṣúgà tó wà nínú rẹ̀. Ti ẹyẹlé àti àdàbà tiẹ̀ yàtọ̀: ẹnu òbí ni ọmọ wọn ń ti ẹnu bọ̀ láti jẹun, nítorí náà ẹ má retí pé á yanu fún yín. Páálí tó ní ihò ni kí ẹ fi gbé e lọ, ẹ má sì máa ṣí i wò lójú ọ̀nà.