Nítorí Olu Tíntínní, Mo Dé Igbó Rothiemurchus

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó gbé mi láti Edinburgh lọ sí Aviemore ní Scotland, ọ̀pọ̀ èrò ló wọ bàtà tí wọ́n fi ń gun òkè. Òkè Cairngorms ni wọ́n ń lọ. Igbó páìnì Rothiemurchus tó wà nísàlẹ̀ òkè náà ni tèmi, nítorí olu kan tí gbogbo ìbú rẹ̀ kò ju mìlímítà mélòó kan lọ: Biatoropsis usnearum. Veli Räsänen, ọmọ Finland, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1934.

Ara Usnea ló ń gbé. Láíkìn ni Usnea, fọ́nrán-fọ́nrán rẹ̀ ló so rọ̀ kálẹ̀ lára àwọn ẹ̀ka igi páìnì. Ẹni tó bá rí i á rò pé ó ń fa oje igi mu. Rárá o, ó kàn fi igi ṣe ìjókòó ni. Olu àti álígà, ohun ẹlẹ́mìí tíntínní tó dà bí ewéko, ló para pọ̀ di láíkìn: álígà ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ, olu ń ṣe ilé bò ó. Nígbà tí Simon Schwendener, ará Switzerland, sọ bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí 1867, ọ̀pọ̀ onímọ̀ láíkìn ló ta kò ó.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Mo ṣa ẹ̀ka kan tí afẹ́fẹ́ dá sílẹ̀, mo rọra fa fọ́nrán kan: èèpo rẹ̀ já, okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ yọ láàárín rẹ̀, ó ń nà. Usnea gidi nìyẹn. Mo gbé awò sójú, mo ń tọ fọ́nrán náà lọ díẹ̀díẹ̀, àfi gbọ̀ngàn! Kókó kan rèé, olu tí mo wá wò gan-an nìyẹn, pupa rẹ́súrẹ́sú, ó rin fún omi, ó ń dán. Ibi tó wú sí gan-an ni fọ́nrán ti tẹ̀. Inú mi dùn dé góńgó.

Àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Àfòmọ́ tèmi yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó mọ ilé tó ń wọ̀. Àwọn onímọ̀ tiẹ̀ ti rí i pé olu tí wọ́n ń pè ní ẹ̀yà kan ṣoṣo ju ẹ̀yà kan lọ, irú Usnea tí kálukú ń gbé sì wà lára ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ wá a, ẹ lọ lẹ́yìn òjò, torí ó máa ń súnkì tó bá gbẹ. Ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10 dání, kí ẹ sì wo ẹ̀ka tó ti jábọ́. Ẹ má já èyí tó wà lórí igi, kì í tètè dàgbà.