Àlejò tó ń sunkún ju onílé lọ

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó padà dé Asérò, n kò sì lè jẹun, nítorí pé gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó ń dún nínú orí mi láti àárọ̀. Wọ́n ka Kùránì, wọ́n ṣe àdúà, a pín àkàrà sàárà fún ará àdúgbò, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àwọn ààfáà dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá Kékeré sì ti sùn lọ lórí àga kí a tó ṣe àmín àkọ́kọ́. Bí fídáù Ìyá Ìtòkú, ìyá tí ó bí bàbá mi, ṣe lọ nìyẹn. Gbogbo ohun tí ó kù kò ju ọ̀rọ̀ tí àbúrò mi sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa lẹ́yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń ro láfún, tí wọn kò mọ̀ pé mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé: "Àlejò wa mà ni wọ́n ń sunkún ju onílé lọ yìí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó kọ́kọ́ dùn mí níbẹ̀. Kì í ṣe "àlejò" ni. "Wọ́n" ni. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ju àbúrò mi lọ, kò sì pè mí ní "ìwọ" rí láti ìgbà tí ó ti gbọ́n, nítorí náà nígbà tí ó máa bú mi pàápàá, ó fi ọ̀wọ̀ bú mi, bí ọmọ tí ó gbẹ̀kọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń yí i síwá sẹ́yìn ni mo rántí pé ẹni tí a kò mọ̀ rí náà ni à ń pè ní "ẹ̀yin", ẹni tí ó kàn wá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wa. Láti ọjọ́ wo ni ó ti jẹ́ pé "ẹ" ti àlejò ni ó fi ń bá mi sọ̀rọ̀, tí èmi ń rò pé "ẹ" ti ẹ̀gbọ́n ni? Etí kò lè dá méjèèjì mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ bí mo ṣe kó kúrò nílé Ìyá ní Ìtòkú, ẹ sì mọ ohun tí ó fà á. N kò ní tún un rò lálẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n Asérò kì í ṣe Èkó, ká má tilẹ̀ tíì dárúkọ ìlú Òyìnbó. Inú Abẹ́òkúta kan náà ni gbogbo wa wà. Bí ènìyàn bá ń gbé ìlú kan náà pẹ̀lú ìyá tí ó bí bàbá rẹ̀, tí ó sì ń lọ kí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ni orúkọ onítọ̀hún? Ọmọ ni mo fẹ́ sọ. Bí mi ò bá tilẹ̀ lè lọ, mo ń fi owó ránṣẹ́; ọwọ́ mi ni owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Ìyá ti ń wá, ọwọ́ mi náà ni èyí tí a san ní ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ní kí a kọ́kọ́ lọ gba rìsíìtì wá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án... Rárá. N kò fẹ́ ka owó. Ẹni tí ó bá ń ka owó lórí òkú kò yàtọ̀ sí…

Bí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà Ìtòkú, Ìyá a bẹ̀rẹ̀ sí í ki mí, a nu àga ọlọ́wọ́ fún mi pẹ̀lú etí ìró rẹ̀, a sì pàṣẹ pé kí wọ́n bu omi fún mi sínú ife gíláàsì, kí wọ́n gbé e sórí àwo kí wọ́n tó gbé e wá. Ẹran tí ó bá tóbi jù nínú ìṣasùn, tèmi ni. Láti kékeré ni àbúrò mi ti ń kà á sí mi lọ́rùn pé èmi ni Ìyá fẹ́ràn jù, ó sì tún un sọ níṣojú ẹbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé gbogbo ẹran tí a ti sè nílé náà, ikùn Àǹtí ni ó wà. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Ẹ má fi mí bú, èmi náà gbà á gbọ́. Mo ti ń fi ẹran yẹn ṣe fọ́nńté nínú ọkàn mi fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àbúrò mi kì í rí ẹran ńlá, ariwo ni ó ń gbọ́. Kí ẹ̀yìn tó máa dun Ìyá, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni iṣẹ́ rẹ̀, àbúrò mi ni ó sì ń bá a se ẹ̀kọ láfún tí wọ́n ń po álọ́ọ̀mù mọ́, tí wọn ó sẹ́ kí Ìyá tó fi ìyẹ́ adìẹ ya àwòrán sára aṣọ. Bí ẹ̀kọ náà bá ṣàn, àwòrán a bàjẹ́. Bí ó bá ki jù, yóò sán nígbà tí ó bá gbẹ, aró a sì gba ojú sísán náà wọlé. "Ṣé omi ògì ni mo ní kí o gbé wá? Ojú rẹ dà?" Bí aṣọ bá ti jáde nínú ìkòkò aró, bí ewé ni àwọ̀ rẹ̀ máa ń rí, afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ọ́ di dúdú díẹ̀díẹ̀, a ó sì tún rì í, a ó tún sá a, lọ́pọ̀ ìgbà. Bí àbúrò mi bá kánjú yọ ọ́, ilé yóò gbóná lọ́jọ́ náà. Bí èmi bá sún mọ́ ìkòkò, ohùn jẹ́jẹ́ ni Ìyá fi máa ń lé mi: "Kúrò níbẹ̀, ọmọ mi, aró á ta sí ọ láṣọ." Mo sì kúrò. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ni à ń ṣọ́ aṣọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Títí di òní ni aró kò tán nínú èékánná àbúrò mi, bí ó ti ń na ọwọ́ gba sàárà ni mo ń wò ó. Ìyá kò pariwo mọ́ mi rí. Kò sí ọjọ́ kan báyìí.

Ìjà ẹran yìí kò tíì tán. Lọ́jọ́ tí a sin Ìyá, a kéde gẹ́gẹ́ bí ìṣe pé kí ẹni tí olóògbé bá jẹ ní gbèsè jáde wá. Nígbà tí èrò tú ká, ìyá ẹlẹ́ran kan wá kí wa, ó sì sọ fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín pé Ìyá kò jẹ òun ní kọ́bọ̀. Gbogbo èyí tí wọ́n ń gbà láwìn nígbàkígbà tí ọmọ wọn ti Asérò bá ń bọ̀, àbúrò mi ti san án. Ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe náà, n kò mọ̀ pé èmi ni ó ń bá wí. Níbo wá ni owó tí mo ń fi ránṣẹ́ ń gbà lọ, tí wọ́n fi ń ra ẹran láwìn? Ẹ wò ó, mo tún ti ń ka owó.

Mo ronú èsì fún àbúrò mi lójú ọ̀nà. Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ Olúmọ, àpáta tí a ń rí láti ẹ̀yìnkùlé Ìyá. Àlejò ni gbogbo wa nílùú yìí, ta wá ni onílé? Ó dùn létí. Èsì ẹni tí ó fẹ́ borí ni, kì í ṣe èsì ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn, ó sì dára tí n kò sọ ọ́ jáde.

Aṣọ sì ni a ń jà lé lórí, àdìrẹ kan tí ìyá Ìyá fi sílẹ̀, irú èyí tí wọ́n ya ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ìyàwó rẹ̀ sí nígbà ayẹyẹ Júbílì ọdún 1935. Ó ti ṣá, etí rẹ̀ kan ti já. Àbúrò mi ní kí wọ́n fún òun, torí pé òun nìkan ni ó lè wò ó ya òmíràn. Òótọ́ ni. Èmi ní èmi ni àkọ́bí ọmọ-ọmọ. Òótọ́ ni. N kò ní ró o, n kò ní yà á, n kò tilẹ̀ mọ ibi tí n ó tọ́jú rẹ̀ sí. Mo kàn fẹ́ kí ohun kan tí ó ti wọ inú aró wà lọ́wọ́ mi. Bàbá Kékeré dá a fún mi nítorí ọjọ́ orí. Àbúrò mi kò fèsì.

Nígbà tí mo ń lọ lálẹ́, òun ni ó ká aṣọ náà sínú ọ̀rá, ó di àkàrà sínú ọ̀rá mìíràn, ó gbé méjèèjì rù, ó sì sìn mí dé títì. A kò sọ̀rọ̀. Ó dá ọ̀kadà dúró, ó bá mi ná owó rẹ̀ wálẹ̀, ó gbé ẹrù lé mi lẹ́sẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà.

"Ó dàárọ̀ o, Àǹtí mi. Ẹ bá mi kí ará ilé."

Mo ní wọn á gbọ́. Aṣọ náà wà lórí àga níwájú mi báyìí, n kò tíì tú ọ̀rá rẹ̀, èmi nìkan ni mo sì ń gbé inú ilé yìí.