Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí àbójútó àwọn tó ń tọ́jú ọpọlọ àti ìhùwàsí ọmọdé

Ní 2012 ni wọ́n fi mí ṣe alábòójútó àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ọpọlọ àti ìhùwàsí àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn kan níhìn-ín ní Òṣogbo. Kò sí ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èrò mi ni pé iṣẹ́ náà kò ju kí n máa yẹ fáìlì wò lọ: ṣé wọ́n kọ wákàtí sí i, ṣé wọ́n buwọ́ lù ú, ṣé oògùn tí dókítà kọ bá èyí tí wọ́n fún ọmọ mu. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, tí mo sì gbà pé mo mọ gbogbo ohun tó ń lọ nínú wọ́ọ̀dù mi.

Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan wà lábẹ́ mi nígbà náà tí fáìlì rẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Ọmọ ọdún méje kan wà lọ́dọ̀ wa tí kì í sọ̀rọ̀, tó máa ń gé ènìyàn jẹ, tó sì máa ń forí gbá ògiri. Àwọn dókítà ti yẹ etí rẹ̀ wò, wọ́n sì ti sọ pé autism ló ní, ìyẹn pé ọ̀nà tí ọpọlọ rẹ̀ gbà dàgbà yàtọ̀, tó fi ṣòro fún un láti bá ènìyàn sọ̀rọ̀ àti láti bá ènìyàn lò. Lálaalẹ́ ni nọ́ọ̀sì yìí ń kọ ọ́ pé ara ọmọ náà balẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ilé sí ọ́fíìsì, mo ti dé Òkè-Fìà kí n tó padà, mo sì bá ọmọ náà nínú yàrá tí a ń kó aṣọ ibùsùn sí, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láti ìta. Irọ́ kọ́ ni nọ́ọ̀sì náà kọ sínú fáìlì, nítorí pé nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ọmọ náà dákẹ́ lóòótọ́: ó ká jọ sórí aṣọ, ó fi ọwọ́ di etí rẹ̀ méjèèjì.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ni mo kà sí àṣìṣe tó tóbi jù lọ nínú iṣẹ́ mi. Mo jágbe mọ́ ọkùnrin náà níwájú àwọn ìyá ọmọ tó wà nínú wọ́ọ̀dù, mo pè é ní ọ̀dájú, mo sì ti kọ kúẹ́rì fún un kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó tọ́ kí n gbé ọmọ jáde, ó sì tọ́ kí àwọn ọ̀gá gbọ́, ṣùgbọ́n ìjágbe yẹn kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Fún bí oṣù mẹ́ta, kò sí òṣìṣẹ́ kan tó mú ìṣòro wá bá mi mọ́. "Kò sí wàhálà, mà" ni gbogbo wọn ń sọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ìbẹ̀rù mi ló ti mú wọn tún ìwà ṣe, àfi ìgbà tó yé mi pé ẹnu wọn ni wọ́n pa mọ́.

Mátírọ̀nù àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló là mí lójú. Mo lọ kí wọn nílé wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, mo ro ẹjọ́ náà fún wọn látòkè délẹ̀, pẹ̀lú ìrètí pé wọn yóò gbè mí. Wọ́n gbọ́ tán, wọ́n ní: "Ènìyàn mélòó ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn?" Ẹnì kan ṣoṣo ni, pẹ̀lú ọmọ mọ́kàndínlógún, èmi tí mò ń bínú yìí ni mo sì fi ọwọ́ ara mi to orúkọ sórí ìwé iṣẹ́ alẹ́. Nígbà tí mo wá pe ọkùnrin náà jókòó, tí mo bi í léèrè bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣe, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ojú eyín wà láti ìgbúnwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, òmíràn ti di àpá. Kò sí ibi tí wọ́n ń kọ irú èyí sí nínú fáìlì, n kò sì béèrè rí.

Láti ìgbà náà, mò ń jókòó pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún wákàtí kan lọ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbéga, ìsinmi àti kúẹ́rì kì í wọ inú wákàtí yìí, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò sọ fún ẹni tó ń kọ ìwé ìgbéga rẹ̀ pé ẹ̀rù ọmọ ọdún méje ń ba òun. Mo máa ń sọ fún wọn láti ọjọ́ kìíní pé bí mo bá gbọ́ ohun tó lè pa ọmọ lára, n kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti jókòó, ara wọn ni mo ń kọ́kọ́ béèrè, kí n tó béèrè ọmọ, fáìlì ni mo sì ń fi kádìí rẹ̀. Mo tún máa ń wọ inú yàrá lọ jókòó sí igun, láti wo bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, nítorí pé ojú lọ̀rọ̀ wà.

Bí ó bá di dandan kí a di ọmọ kan mú kí ó má baà ṣe ara rẹ̀ léṣe, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ yóò jókòó kí ọjọ́ tó ṣú, títí kan obìnrin tó ń gbálẹ̀. A kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgéjẹ; ohun tó ṣẹlẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú rẹ̀ ni a ń wá. Obìnrin agbálẹ̀ yẹn ló sọ fún wa pé ìgbà tí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún ni ọmọ ọdún méje yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gé ènìyàn jẹ. Àwa tí a kàwé kò kíyè sí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní autism ni ariwo máa ń ni lára ju bó ṣe ń ni wá lára lọ, ẹ̀yìn fèrèsé rẹ̀ gan-an sì ni jẹnẹrétọ̀ wà. A gbé ibùsùn rẹ̀ lọ sí òdìkejì. Kò mú gbogbo rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ìgéjẹ dín kù gidigidi.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Ìyá kan láti Ìlobù sọ pé àyà ọmọ òun máa ń já, àti pé ó ń ṣe é bíi pé nǹkan ń rìn ní orí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ wa túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo, ó sì sọ ohun tí ìyá náà sọ gan-an nù. Mo ní kí wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀ ìyá bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ ná, kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni mo kọ̀ kí wọ́n máa bá ìyá tó ti gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ àlùfáà tàbí babaláwo jà. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò, Abẹ́òkúta, ní 1954, wọ́n mú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ìyá tí a bá bá wí yóò kàn fi ohun tí ọmọ ti mu pamọ́ fún wa ni.

Èyí tó le jù fún mi ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀. Ní 2019, ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan wà lọ́dọ̀ wa, fáìlì rẹ̀ sì fi hàn pé kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ ní òun kò fẹ́ fi èrò náà sí i lọ́kàn, àti pé òfin ọ̀daràn, abala 327, ka ìgbìyànjú bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Mo ṣàlàyé pé ìbéèrè kì í fi èrò yẹn sí ọmọ lọ́kàn, ó máa ń fún un láyè láti sọ ọ́ ni, àti pé ìtọ́jú rẹ̀ ni a fẹ́ béèrè fún, kì í ṣe ẹjọ́. Ó gbà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí ó fi mí ṣe ọmọ náà, kí ó bi mí, ó ń yí ọ̀rọ̀ ká. A jókòó títí ó fi lè sọ ọ́ gbọnrangandan lédè Yorùbá láìsí pé ó wolẹ̀: "Ṣé o ti ronú rí láti pa ara rẹ?" Lọ́jọ́ kejì ó bi ọmọ náà, ọmọ náà sì ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbà tí oṣù mẹ́ta tí àwọn òṣìṣẹ́ fi pa ẹnu mọ́ yẹn parí ni mo tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ọkùnrin tí mo jágbe mọ́. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, pé ó ti tán, ṣùgbọ́n inú wọ́ọ̀dù ni mo ti bú u, nítorí náà inú wọ́ọ̀dù ni mo padà sí. Àwọn ìyá ọmọ ti yàtọ̀, àfi ẹnì kan tí ọmọ rẹ̀ pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Mo sọ ohun tí mo ní í sọ. Iná ti lọ, ìyá náà ní kí n dákun tún un sọ, pé jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kí òun gbọ́. Mo tún un sọ.